Ìgbín Tó Sáré Kọjá Kámẹ́rà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìrẹ̀lẹ̀, kó má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀. Gbogbo ìwà rere yòókù ni ọkùnrin náà ní, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìyẹn nìkan ni kò rí rà lọ́jà.

Òun ló ni ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó ya ìgbín ńlá kan sára ògiri ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi." Ó ya ìgbín sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó yà á sí tòsì, ó sì ya èyí tó sanra jù lọ sẹ́yìn búùtù, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ kó tó délé. Yàrá méjì péré ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Àwòrán Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ tó wà lára ògiri wọn jẹ́ mẹ́rin.

Láràárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dìde dúró kí wọ́n kì í. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oríkì náà, nítorí kò fọkàn tán ẹlòmíràn pé yóò ṣe é dọ́gba:

"Ẹ̀sọ̀ ọmọ Pẹ̀lẹ́!
A-tẹ-bíréèkì-bí-ẹni-tẹ-ẹyin!
Ọ̀gá tó kọ́ sítíárì níwà!"

Bí ẹnì kan bá wúkọ́ láàárín rẹ̀, wọ́n á tún un kì látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ oríkì yìí débi pé ó lè kà á lójú oorun. Òun náà kọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọdún tó kọ́ ọkọ̀ ni ọdún tó kọ́ sùúrù. Ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, kò gbá ẹnikẹ́ni rí, kò sì ya ọkọ̀ ẹnikẹ́ni lára rí. Síbẹ̀, bí Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ bá ń wá àpẹẹrẹ awakọ̀ burúkú fún kíláàsì, òun ló máa ń dárúkọ. "Ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì bí ìyàwó mi. Ẹ má yí ọwọ́ ọkọ̀ bí ìyàwó mi." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà dáadáa kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tilẹ̀ dá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, tọkọtaya náà lọ ra ẹyin ní oko adìẹ kan lẹ́yìn ìlú. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ kò gbà kí wọ́n gbé kíréètì ẹyin sínú búùtù. Ó ní bí ó bá fọ́ síbẹ̀, yóò máa rùn, ọkọ̀ òun kì í sì í ṣe ọkọ̀ tí í rùn. Nítorí náà, ìyàwó gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọ́n sì ń bọ̀ nílé.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà ń rọra wakọ̀ bọ̀. Ó ń wà á bí ẹni tí kámẹ́rà ń yà, ó ń fi orí kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àfi bí ọkọ̀ búrẹ́dì kan ṣe ti ẹ̀yìn yọ, tó fọn fèrè, tó sì kọjá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ń wà á, ẹni tó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni náà na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé, ó sì kígbe tọ̀yàyà-tọ̀yàyà pé: "Ọ̀gá, ẹ kú ẹ̀sọ̀ o!"

Sítíárì dúró gbagidi lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ sí mi?"

"Ó kí yín ni, Bàbá wọn."

"Ó kí mi láti iwájú!"

Bí ó ṣe tẹná nìyẹn. Òpó iná ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sá padà sẹ́yìn. Ìyàwó di ẹyin mú, ó di ilẹ̀kùn mú, nígbà tí kò sì sí ọwọ́ kẹta, ó fi eyín di ẹnu ara rẹ̀ mú. Kọ́nà ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń gbà, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán ọmọ méjì tó so ọwọ́ kọ́ra sójú pátákó kí awakọ̀ lè dín eré kù. Ilé ìwé yẹn gan-an ló fẹ́ gba ìyàwó síṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ ṣe fì sọ́tùn-ún tó fì sósì níbẹ̀, ó ń ronú pé ká ní kì í ṣe Sátidé ni ńkọ́, inú sì bí i gan-an.

Wọ́n kọjá ọkọ̀ búrẹ́dì. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ náà fọn fèrè. Bó ṣe ń juwọ́ sí ọmọkùnrin náà, nǹkan kan kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?" ni ìyàwó bèèrè.

"Òòrùn ni."

Ojú ọjọ́ ti ṣú láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, omi ẹyin ti rin síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó gbindin. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó mi orí, ó ní: "Ẹyin tí kò lágbára ni wọ́n tà fún ọ."

* * *

Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ kóòtù fi mú ìwé ìpẹ̀jọ́ wá sílé. Ìyàwó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, òun ló gbà á. Ó kà á, ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, ó tún un kà.

"Bàbá wọn, orúkọ mi ló wà níbí o."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ wí láti orí àga. "Mo ti bá ọ ṣètò rẹ̀."

"Ètò kí ni?"

"Kámẹ́rà ìjọba ló ya ọkọ̀ wa lójú eré. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ sọ ẹni tó wà á lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ pé ìwọ ni."

"Èmi tí mo gbé ẹyin lẹ́sẹ̀?"

"Má jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ ẹyin níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ." Ó dìde, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, bó ṣe máa ń ṣe nínú kíláàsì. "Bí wọ́n bá dá olùkọ́ ìwakọ̀ lẹ́bi eré àsápajúdé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé á gbọ́. Ojú wo ni màá fi máa wo ìgbín yẹn? Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kò ní orúkọ kankan tó lè bàjẹ́. Ṣé o rí i pé àǹfààní ńlá ni?"

"Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì mi ńkọ́? Wọ́n ní bí àlà ni ìwé ìwakọ̀ mi gbọ́dọ̀ funfun kí n tó wọlé."

"Bọ́ọ̀sì jẹ́lé-ó-sinmi? Kí o máa kó àwọn ọmọ tí ikun ń dà nímú wọn kiri àdúgbò, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà wọ egungun. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí iṣẹ́ yẹn. Ó ti lọ wo bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti jókòó sídìí sítíárì rẹ̀, ó sì ti mọ ìjókòó tó ya tí yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n rán. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, kò sì fẹ́ tún un lọ̀.

"Mo gbọ́," ló wí. "Màá lọ. Ohun tí wọ́n bá bi mí ni màá fèsì sí."

Inú Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ dùn. Ó rò pé obìnrin náà ti gbà. Ẹni tó ti gbọ́ oríkì ara rẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í wọ̀ ọ́ létí dáadáa mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń múra. Kì í ṣe ẹjọ́ ló ń múra fún, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ni. Ó ti pinnu pé bí wọ́n bá ti dá ìyàwó òun lẹ́bi, òun yóò dìde, òun yóò sì bẹ adájọ́ fún un, kí gbogbo ènìyàn lè rí ọkọ rere. Ó ń dán an wò níwájú díńgí: "Olúwa mi, ẹ ṣàánú obìnrin. Ẹsẹ̀ wọn wúwo, ọgbọ́n wọn fúyẹ́." Ó wò ó pé ó dùn, ó tún un sọ, ó sì fi omijé díẹ̀ sí i. Ìyàwó ń gbọ́ ọ láti inú yàrá kejì.

Kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ má bàa ṣòfò, ó ti ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́jọ́ ẹjọ́, ó sì kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kóòtù. Ó ní kí wọ́n wá kọ́ òfin. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, tó ti ń kọ́ ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta tí kò tíì kúrò ní kíláàsì àkọ́kọ́. Ó gbé ìrọ̀rí dání, nítorí ó mọ bí àga ìjọba ṣe ń rí. Níta, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń pa ọkọ̀ sí, Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ní kí wọ́n ki òun kí àwọn tó wọlé. Wọ́n kì í. Ó fọwọ́ tún táì rẹ̀ tó ní àwòrán ìgbín ṣe, ó sì ṣíwájú wọn.

* * *

Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin, awò ojú rẹ̀ jókòó sí góńgó imú. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń ké bó ṣe ń yí. Wọ́n pe ìyàwó sínú àpótí olùjẹ́jọ́. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba dìde, ó tan tẹlifíṣọ̀n kan tó wà lára ògiri, gbogbo ojú sì yí síbẹ̀.

Ojú ọ̀nà náà dá páropáro. Lójijì, ìgbín kan kọjá fìrìrì.

"Olúwa mi," ni ọlọ́pàá wí, kò rẹ́rìn-ín rárá, "ìgbín tí ẹ rí yẹn ń sáré kìlómítà àádọ́fà ní wákàtí kan, níbi tí òfin ti ní kí ọkọ̀ má ju àádọ́ta lọ."

"Ìgbín?"

"Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, Olúwa mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni kámẹ́rà mú, kò mú ojú awakọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyàwó òun ló wà á."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó yíjú sí àpótí. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ yìí?"

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ti dìde. "Olúwa mi, kó tó fèsì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rere, ẹ ṣàánú obìnrin. Ẹsẹ̀ wọn wúwo..."

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó sinmi.

"Olúwa mi," ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "ọkọ mi ló sọ pé èmi ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n tún un tàn. Ìgbín tún kọjá. Ìyàwó sún mọ́ etí àpótí, ó wò ó fínnífínní, ó sì mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Hà. Ẹni yìí kò mọ ọkọ̀ wà."

Àga kan dún gbì lẹ́yìn.

"Ẹ wo bó ṣe wọ kọ́nà," ni obìnrin náà ń bá a lọ. "Ẹ̀rù ń bà á. Bíréèkì ló ń tẹ̀ kiri, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá sálúbàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ bó ṣe ń fì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó fì bẹ́ẹ̀."

Ọrùn Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ti wú kọjá kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Igbákejì rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ jókòó tì í, ó fọwọ́ kan án lẹ́sẹ̀ pé kó ṣe sùúrù.

Ọlọ́pàá náà wo tẹlifíṣọ̀n. Kò ní ohunkóhun lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ló kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bó ṣe rí lójú tèmi náà nìyẹn, Olúwa mi. Ìwakọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Irọ́!"

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ti wà lórí ìdúró. Igbákejì rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó já a gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣé bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn?

"Irọ́ ni, Olúwa mi! Bíréèkì wo? Ta ló tẹ bíréèkì? Jíà ni mo fi dín eré kù!"

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un dé.

Ọlọ́gbọ́n ì bá ti jókòó. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti dákú pàápàá. Ṣùgbọ́n adájọ́ yẹn mọ ènìyàn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, olùkọ́. Àwa kò mọ̀ nípa ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá síwájú, kí ẹ wá là wá lóye."

Olùkọ́! Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára bí òróró. Ó fa súùtù rẹ̀ tọ́, ó sì bọ́ síwájú. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú àpótí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kékeré fún un.

"Ẹ dúró síbí, Bàbá wọn. Ibí ni wọ́n á ti rí yín dáadáa."

Ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó di sítíárì tí kò sí mú. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí. "Ẹ máa wò mí. Mo rí ọkọ̀ búrẹ́dì níwájú. Òmùgọ̀ á tẹ bíréèkì. Èmi ńkọ́? Mo fà á wá sí jíà kẹta, báyìí. Mo gba inú kọ́nà, ọwọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ kan ṣoṣo o, nítorí ọwọ́ kejì ni mo fi ń juwọ́ sí ọmọ náà. Ọkọ̀ kò mì! Kò fì! Ìyàwó mi gbé odidi kíréètì ẹyin lé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹyọ kan kò fọ́!"

Ó dúró. Ó ń retí àtẹ́wọ́.

"Lẹ́sẹ̀ ta ni?" ni adájọ́ bèèrè.

"Lẹ́sẹ̀ ìyàwó mi."

"Nígbà tó ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ kò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró de òtítọ́, tó tún na àga sí i pé kó jókòó.

"Ó fọ́, Olúwa mi," ni ìyàwó wí láti ìsàlẹ̀. "Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà wà nílé."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù gbà á lẹ́nu wọn, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ sì yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ fẹ́ jáde kúrò nínú àpótí.

"Ẹ má lọ, olùkọ́," ni adájọ́ wí. "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ni àyè yín."

Ó gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó bu owó ìtanràn lé e. Ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí irọ́ tó pa fún kóòtù, ìyẹn ẹjọ́ mìíràn. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n tó dá ìwé náà padà, ó gbọ́dọ̀ jókòó nínú kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, títí olùkọ́ ibẹ̀ yóò fi jẹ́rìí pé ó ti mọ̀ ọ́n.

"Ilé ẹ̀kọ́ mélòó ló wà ládùúgbò yín?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni, Olúwa mi," ni igbákejì rẹ̀ fèsì. Ó ti dìde, ó sì ti so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn.

Adájọ́ yíjú sí ìyàwó. "Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ìwé ìwakọ̀ tiyín mọ́ tónítóní."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó dìde, omi ti lé sí i lójú, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì bá Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀, ó fi ìrọ̀rí rẹ̀ lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ọ̀gá. Ọdún kẹta mi nìyí ní kíláàsì yẹn. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lábẹ́ àwòrán yín."

Níbi ọkọ̀, Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró, wọ́n ń wò. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sí àyè tí wọ́n máa ń gbé ẹyin jókòó sí.

Wọn kò tíì dé kọ́nà jẹ́lé-ó-sinmi tí ọkọ̀ búrẹ́dì fi yọ lẹ́yìn. Ó fọn fèrè, ọwọ́ kan sì jáde ní fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ kú ẹ̀sọ̀ o!"

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ fò sókè lórí ìjókòó. "Tẹná mọ́ ọn! Ṣé o ò rí i ni? Tẹná!"

Ìyàwó wo díńgí. Ó ya ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà díẹ̀, ó jẹ́ kí ọkọ̀ búrẹ́dì kọjá, ó sì juwọ́ sí awakọ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn," ló wí, "ẹ di bẹ́líìtì yín."

Ó dì í.